Ọmọ yín kò fẹ́ jáde ṣeré? Ohun tí òbí lè ṣe ní Niamey, ìlú tí òòrùn rẹ̀ kì í ṣeré



Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ọmọ kan tí gbogbo yín mọ̀. Bó bá ti ti ilé ìwé dé, tó bọ́ bàtà, tó jẹun tán, fóònù ìyá rẹ̀ ló kàn. Wọ́n ní kó lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, ó ní ooru mú. Ooru rọlẹ̀, ó ní ó ti rẹ òun. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó kọjú sí ògiri. Bí wọ́n bá fà á jáde, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí, yóò máa wo àwọn tó kù bí ẹni tó ń wo fíìmù.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Kútọnu, ó sì wà ní London. Ṣùgbọ́n Niamey, olú ìlú orílẹ̀èdè Niger, ni ọ̀rọ̀ yìí yóò dúró sí, nítorí pé níbẹ̀, àwáwí ọmọ àti òótọ́ ọ̀rọ̀ sún mọ́ ara wọn púpọ̀. Bí ọmọ tó ń gbé Niamey bá sọ pé ìta ti gbóná jù, ó lè jẹ́ pé òótọ́ ló sọ. Iṣẹ́ òbí ni láti mọ ìgbà tí ooru jẹ́ ewu àti ìgbà tó kàn jẹ́ àwáwí, kó sì mọ bí yóò ṣe mú ọmọ jáde láì fi ẹkún ṣe é.

Báwo ni ooru Niamey ṣe rí?

Etí Odò Ọya ni Niamey wà, odò kan náà tó ṣàn wọ Nàìjíríà tó sì kọjá ní Lọ́kọ́ja. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ dé ibẹ̀ kì í pẹ́ mọ̀ pé ilẹ̀ Sahel ni òun wà. Láti oṣù Kẹta títí dé oṣù Karùn-ún, ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní oṣù Kẹrin, ìwọ̀n ooru ọ̀sán máa ń tó 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ púpọ̀. Òjò máa ń rọ̀ láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, ọyẹ́ á dé, òwúrọ̀ á tutù, afẹ́fẹ́ á sì máa gbé eruku aṣálẹ̀ Sahara wọ̀lú.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé kò sí òfin kan ṣoṣo fún gbogbo ọdún. Òbí tó bá ní kí ọmọ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní agogo méjì ọ̀sán nínú oṣù Kẹrin ń fi ọmọ náà sínú ewu. Ara ọmọdé máa ń tètè gbóná ju ti àgbàlagbà lọ, eré sì máa ń jẹ́ kó gbàgbé láti mu omi. Ṣùgbọ́n òbí tó bá jẹ́ kí ọmọ jókòó sínú yàrá ní agogo méje òwúrọ̀ nínú oṣù Kejìlá, tí ìta tutù minimini, nítorí pé ooru mú ní oṣù Kẹrin, ti sọ ìkìlọ̀ àsìkò kan di àṣà ọdún gbogbo. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Oṣù mẹ́ta ni ooru líle ń lò. Bí ọmọ bá ti fi oṣù mẹ́ta bá fóònù dọ́rẹ̀ẹ́, kò ní í fẹ́ yà á mọ́ nígbà tí ooru bá lọ.

Àwọn òbí kan tún máa ń rántí oṣù Kẹrin ọdún 2015, nígbà tí àrùn yírùnyírùn, tó máa ń mú kí ọrùn ọmọ gan, bẹ́ sílẹ̀ ní Niger, débi pé ìjọba ti àwọn ilé ìwé Niamey pa fún ọjọ́ díẹ̀. Látìgbà náà ni ìyá mìíràn ti gbà pé inú ilé nìkan ni ọmọ ti lè bọ́ lọ́wọ́ àrùn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: omi ara tó ń jáde láti imú àti ẹnu ni àrùn náà ń bá ràn, ibi tí èrò bá ti há mọ́ra ló sì ti ń tètè tàn. Ọmọ mẹ́wàá tó há mọ́ inú yàrá kan níwájú tẹlifíṣọ̀n kò fi dandan ní ààbò ju ọmọ mẹ́ta tó wà lábẹ́ igi lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àti yàrá tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé ni ààbò, kì í ṣe ilẹ̀kùn títì.

Kí ni ọmọ ń rí nínú eré ìta?

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ọmọ tó wà láàárín ọdún 5 sí 17 gbọ́dọ̀ máa lo ó kéré tán 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún ohun tó ń jẹ́ kí ara ṣiṣẹ́ dáadáa, bíi sísáré, fífò àti bọ́ọ̀lù gbígbá. Fún àwọn ọmọ ọdún 3 sí 4, àjọ náà ní kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n máa sáré, kí wọ́n máa ṣeré fún 180 ìṣẹ́jú lójúmọ́, kí àkókò tí wọ́n ń jókòó ti fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n má sì ju wákàtí kan lọ. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ ìjókòó kan. Ìṣẹ́jú 20 lọ́nà mẹ́ta, 60 ìṣẹ́jú náà ni.

Nínú ìwádìí kan tí WHO gbé jáde ní ọdún 2019, tó wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún 11 sí 17 ní orílẹ̀èdè 146, wọ́n rí i pé 81 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò dé ojú òṣùwọ̀n yìí. Nítorí náà, òbí tí ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ jáde kò dá nìkan wà, kò sì túmọ̀ sí pé kò mọ ọmọ tọ́.

Ọ̀rọ̀ ojú tún wà níbẹ̀. Ní ìlú Guangzhou ní China, àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2015. Wọ́n fi 40 ìṣẹ́jú kún àkókò tí àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní àwọn ilé ìwé kan ń lò ní ìta lójúmọ́, wọn kò fi kún ti àwọn ilé ìwé mìíràn. Lẹ́yìn ọdún 3, nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń jáde ni ojú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìrí ohun tó wà lókèèrè. Lára àwọn tí kò jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ohun tó dùn mọ́ni nínú rẹ̀ fún ará Niamey ni pé kò dìgbà tí ọmọ bá dúró sójú òòrùn. Abẹ́ igi dóńgóyárò, tó pọ̀ ní ìlú náà, ṣì mọ́lẹ̀ ju inú yàrá lọ fíìfíì.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, eré jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ. Abala 31 nínú àdéhùn Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀èdè lórí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọdé, tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní ọdún 1989, sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti sinmi àti láti ṣeré. Ọdún 1990 ni Niger fọwọ́ sí i, Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní ọdún 1991. Láti ọdún 2024 ni wọ́n sì ti ya ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Eré Lágbàáyé.

Kí ló fà á tí ọmọ fi kọ̀?

Bí ọmọ bá ní òun kò jáde, ìdí kan wà níbẹ̀. Ọmọ kékeré kì í sábà mọ bó ṣe máa sọ ìdí náà, ó kàn máa ní ooru mú ni. Òbí ló máa wá a rí.

Ìdí àkọ́kọ́ lè jẹ́ èdè. Èyí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Niamey gidigidi. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò Yorùbá ti ń gbé ní Niger. Nínú ilé, Yorùbá ni ọmọ ń gbọ́. Faransé ni ti ilé ìwé. Ṣùgbọ́n bó bá jáde sí àdúgbò, Zarma àti Hausa ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi pariwo, òun ni wọ́n fi ń pín ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, òun ni wọ́n fi ń yẹ̀yẹ́. Ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ máa rò pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ó wá yàn láti jókòó sílé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní fi í ṣe ẹlẹ́yà. Bẹ́ẹ̀, ìta yẹn gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ èdè tó yá jù lọ. Kíláàsì kan kò sí tó lè kọ́ ọmọ ní Zarma bí bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́ ṣe lè kọ́ ọ.

Ìdí kejì ni ẹ̀rù. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ńlá kan ti gbá a létí rí, tàbí kí ajá ti lé e, tàbí kí alùpùpù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a. Nígbà mìíràn, ẹ̀rù òbí ló wọ ọmọ lára. Ọmọ tí wọ́n ti sọ fún lójoojúmọ́ láti kékeré pé "Má jáde, ọkọ̀ á gbá ọ, wọ́n á jí ọ gbé" kò lè ṣàdédé gbà pé ìta ti di ibi ìgbádùn lọ́jọ́ tó rọ àwọn òbí rẹ̀ lọ́rùn.

Ìdí kẹta, òun ni ẹ kò gbọdọ̀ fojú fò, ni àìsàn. Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè máa sá fún eré nítorí pé ó ti rí i pé bí òun bá sáré, egungun á máa ro òun. Ọmọ tó ní ikọ́ fée lè máa sá fún eruku ọyẹ́. Ọmọ tí kò ríran jìnnà kì í rí bọ́ọ̀lù kó tó bà á lójú, wọ́n á sì máa pè é ní ọ̀dẹ̀. Ọmọ tí ibà ti jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán kò ní agbára láti sáré. Bí ọmọ tó ti máa ń ṣeré tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé dáwọ́ dúró, bó bá ń mí gúlegúle lẹ́yìn ìgbà tó rìn díẹ̀, bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun, tàbí tó ń fi ojú súnmọ́ ìwé jù, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ìdí kẹrin rọrùn: "Lọ ṣeré" kì í ṣe ohun tí ọmọ lè dì mú. Ṣeré kí ni? Pẹ̀lú ta? Níbo? Fóònù kì í bi ọmọ ní ìbéèrè kankan, ó kàn ń gbé eré fún un ni. Ìta ń béèrè pé kó fúnra rẹ̀ dá nǹkan sílẹ̀, ọmọ tí kò sì mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ máa dúró gbagidi.

Àkókò wo ló dára?

Ní àsìkò ooru, agogo mẹ́fà ààbọ̀ sí agogo mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀ ló dára jù ní ọjọ́ tí kò bá sí ilé ìwé. Lẹ́yìn náà, kí eré sísá dúró títí òòrùn yóò fi wálẹ̀ dáadáa, nǹkan bí agogo márùn-ún ààbọ̀. Láàárín méjì yìí, ayò ọlọ́pọ́n, òkòtó tàbí ìtàn lábẹ́ igi tó. Lẹ́yìn ìwọ̀ oòrùn, bí àgbàlá bá ní iná tàbí tí òṣùpá bá yọ, ìyẹn náà jẹ́ àkókò eré. Àwọn baba ńlá Yorùbá kò ṣèèṣì yan alẹ́ òṣùpá fún àlọ́ àti bojúbojú, ara tù ún nígbà náà.

Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ lè pẹ́ díẹ̀ ní òwúrọ̀ kí òtútù lọ, kí ẹ wọ ẹ̀wù tó nípọn fún ọmọ, pàápàá ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí pé òtútù lè dá ìrora rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí eruku bá bo ojú ọ̀run débi pé ẹ kò rí ilé tó wà ní òpin àdúgbò, inú ilé ló yẹ kí gbogbo ọmọ wà.

Ní àsìkò òjò, ìrọ̀lẹ́ máa ń tutù, inú ọmọ á sì máa dùn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ọ̀gbàrá àti gọ́tà. Ní ọdún 2020, Odò Ọya kún àkúnya, ó sì wọ àwọn àdúgbò etí odò ní Niamey. Omi tó bá dúró sójú kan kì í ṣe ibi ìlúwẹ̀ẹ́.

Bí ẹ ṣe lè mú un jáde láì jà

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ọmọ tó ti lo oṣù mẹ́ta nínú yàrá kò ní í fò jáde lọ́jọ́ kan. Ẹ gbìyànjú báyìí.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ fúnra yín ni kí ẹ bá a jáde. Kì í ṣe láti lọ ṣeré. Ẹ gbé ẹní sí ẹnu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ jókòó, kí ẹ jẹ́ kó bá yín ṣa ìrẹsì tàbí ẹ̀wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 tó. Kò sí ẹni tó máa lé e pé kó lọ bá ẹgbẹ́. Ojú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jáde, ẹsẹ̀ á tẹ̀ lé e.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fún un ní iṣẹ́ tó ní orí àti ìdí. Dípò "Lọ ṣeré", ìyá lè sọ pé, "Ọkọ mi, bá mi bu omi sí ìdí igi yẹn, kí o sì kà á bóyá ewé tuntun ti yọ." Bí baba bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó lè ní, "Wá, jẹ́ kí n rí ẹni tó máa kọ́kọ́ dé ibi ògiri yẹn nínú èmi àti ìwọ." Ọmọ tó bá ti ṣẹ́gun baba rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan máa fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ wá ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo fún un. Kì í ṣe gbogbo àdúgbò. Ẹ kí ìyá ọmọ kan tí ẹ mọ̀ pé ó jẹ́ ọmọ pẹ̀lẹ́, kí ọmọ náà wá sí àgbàlá yín, kí àwọn méjèèjì jọ ta òkòtó tàbí kí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù. Bí ọ̀rẹ́ kan bá ti wà, ogunlọ́gọ̀ ìta kì í dẹ́rù bani mọ́.

Láàárín gbogbo rẹ̀, ẹ fi èdè díẹ̀ sí i lẹ́nu. Kó mọ bí wọ́n ṣe ń kíni ní Zarma: "Fofo." Kó mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè àlàáfíà ẹni: "Mate ni go?" Kó mọ̀ ọ́n sọ ní Hausa pé kí ẹnì kan wá kí wọ́n jọ ṣeré: "Zo mu yi wasa." Gbólóhùn mẹ́ta yìí kò tó fún ọ̀rọ̀ sísọ, ṣùgbọ́n ó tó láti wọ inú eré. Ẹ sì jẹ́ kó mú nǹkan tirẹ̀ lọ fún wọn. Ọmọ Yorùbá tó bá kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní bojúbojú kì í ṣe àlejò mọ́, òun ni olùkọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn náà lè kọ́ ọ ní langa, eré tí ọmọ ti ń fọwọ́ kan di ẹsẹ̀ kan mú lẹ́yìn, tó sì ń fi ẹsẹ̀ kejì fò láti bi ẹlòmíì ṣubú.

Ẹ má fi ọmọ yín wé ti ẹlòmíràn létí rẹ̀. "Wo ọmọ ilé kejì bó ṣe ń sáré" kò tíì mú ọmọ kankan sáré rí. Bó bá ṣubú, ẹ má sáré gbé e bí ẹyin, ẹ wò ó, ẹ jẹ́ kó dìde.

Kí ni kí ẹ ṣe sí ọ̀rọ̀ fóònù?

Ọ̀pọ̀ òbí ló ń ṣe àṣìṣe kan náà níbí. Wọ́n máa ń sọ pé, "Bí o bá jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, màá fún ọ ní fóònù." Ohun tí ọmọ gbọ́ ni pé ìta jẹ́ oògùn kíkorò, fóònù sì ni ṣúgà tí wọ́n fi ń gbé e mì. Àwọn mìíràn máa ń fi ìta jẹ ọmọ níyà: "O ti dẹ́ṣẹ̀, ó yá, bọ́ síta." Ọ̀nà méjèèjì ń sọ ìta di ìyà.

Ohun tó dára ni kí fóònù ní àkókò tirẹ̀, kí eré ìta náà ní tirẹ̀, kí ọ̀kan má jẹ́ owó ìkejì. Kí ọmọ mọ̀ pé láti agogo márùn-ún ààbọ̀ títí dìgbà oúnjẹ alẹ́, kò sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ẹnikẹ́ni yẹn kan bàbá, ó sì kan ìyá. Ọmọ tó ń rí baba rẹ̀ tó tẹjú mọ́ WhatsApp ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ti rí àpẹẹrẹ tó máa tẹ̀ lé. Ẹ sì kìlọ̀ fún un ṣáájú: "Ó ku ìṣẹ́jú 10", lẹ́yìn náà, "Ó ku 5." Gbígbà lójijì ló ń fa ẹkún.

Ọmọbìnrin ńkọ́?

Nínú ìwádìí WHO tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wáyé lókè, 85 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọbìnrin ni kò ṣe eré ìdárayá tó, ti ọmọkùnrin jẹ́ 78. Ìdí rẹ̀ kò farasin nínú ọ̀pọ̀ ilé. Bí ìrọ̀lẹ́ bá dé, wọ́n á ní kí ẹ̀gbọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù, kí àbúrò rẹ̀ obìnrin wá fọ abọ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á ní ọmọbìnrin kò fẹ́ràn eré. Ta ló fún un láyè rí?

Iṣẹ́ ilé dára, ó ń kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ pín in, kí ọmọkùnrin fọ abọ́ tirẹ̀, kí ọmọbìnrin náà ní ìrọ̀lẹ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin Hausa ní eré tí wọ́n ń pè ní gada, tí wọ́n ń fi orin, àtẹ́wọ́ àti ijó ṣe. Súwẹ̀ àti ten-ten wà lọ́dọ̀ Yorùbá. Kò sí èyí tó gba owó nínú wọn.

Ibo ni ọmọ lè lọ ní Niamey?

Àgbàlá tàbí iwájú ilé ni ìbẹ̀rẹ̀. Bí ojú títì bá wà níwájú ilé yín, kí àgbàlagbà kan jókòó níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Niamey, àwọn ọ̀dọ́ máa ń péjọ ní ìta ní ìrọ̀lẹ́ láti se tíì, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀, wọ́n ń pe irú ìpéjọ bẹ́ẹ̀ ní fada. Òbí tó bá mọ àwọn bùrọ̀dá tó wà ní fada àdúgbò rẹ̀, tó ń kí wọn, tó mọ orúkọ wọn, ti mọ irú ojú tó wà ní ìta pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Síbẹ̀, ìyẹn kò ní kí ọmọ kékeré máa dá wà.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Boubou Hama wà láàárín ìlú. Ọdún 1959 ni wọ́n ṣí i, ọgbà ńlá ló sì jẹ́, tí àwọn ẹranko wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni egungun ẹranko dinosaur tí wọ́n hú jáde ní ilẹ̀ Niger wà. Ibẹ̀ náà ni òkú igi Ténéré wà, igi kan ṣoṣo tó dá dúró nínú aṣálẹ̀ tí igi mìíràn kò sí nítòsí rẹ̀, títí tí ọkọ̀ akẹ́rù fi wó o lulẹ̀ ní ọdún 1973. Ọmọ tí kò fẹ́ rìn máa rìn bí ohun tó fẹ́ rí bá wà níwájú. Ẹ sọ ìtàn igi náà fún un nílé, kí ẹ dá a dúró síbi tó dùn jù, kí ẹ ní ó di ìgbà tí ẹ bá dé ibẹ̀.

Ìjàkadì náà wà. Eré tí àwọn ará Niger fẹ́ràn jù ni, Hausa ń pè é ní kokowa, ọdún 1975 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìdíje rẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀èdè náà. Idà ni wọ́n fi ń dá ẹni tó bá borí lọ́lá. Ọmọ tó bá wò ó pẹ̀lú baba rẹ̀ máa fẹ́ dán an wò lórí iyanrìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Abdoul Razak Issoufou Alfaga, tó gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà nínú taekwondo ní ìdíje Olympics ní Rio lọ́dún 2016. Àmì ẹ̀yẹ kejì tí Niger gbà ní Olympics nìyẹn, lẹ́yìn idẹ tí Issaka Daborg gbà nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Munich lọ́dún 1972.

Ẹ̀yin tó ń gbé nítòsí odò, etí odò dùn ún wò ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kí ọmọ má wọ omi náà. Erinmi wà nínú Odò Ọya, ìgbín inú omi sì máa ń gbé kòkòrò tó ń fa àtọ̀sí ajá, èyí tó ń mú kí ọmọ máa tọ ẹ̀jẹ̀.

Ìgbà wo ló yẹ kí eré dúró?

Kí ọmọ mu omi kó tó jáde, kó mu láàárín eré, kó mu nígbà tó bá wọlé. Kó dé fìlà, kó wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó wọ bàtà, nítorí iyanrìn ọ̀sán lè jó ẹsẹ̀. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n bíi tíì, omi ara rẹ̀ ti dínkù.

Bí ọmọ bá ní orí ń fọ́ òun, tí òòyì ń kọ́ ọ, tó ń bì, ẹ gbé e wá sí abẹ́ ibòòji, ẹ bọ́ aṣọ tó nípọn, ẹ fún un ní omi díẹ̀díẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná janjan, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́, tí kò dáhùn bó ṣe yẹ, tàbí tí gìrì gbé e, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má da omi sí ẹnu ọmọ tí kò mọ ibi tó wà. Bákan náà, bí ibà bá mú ọmọ ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí ọrùn rẹ̀ sì gan, ẹ má dúró dọ̀la.

Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ọmọ mọ̀ pé bí òun bá sọ pé "Màámi, ara mi kò yá", wọ́n máa gba òun gbọ́. Ọmọ tí wọ́n bá ń gbà gbọ́ nígbà tí nǹkan bá ń ṣe é gan-an kò nílò láti máa fi ooru ṣe àwáwí. Òun náà á wá gbà wọ́n gbọ́ nígbà tí wọ́n bá sọ fún un pé ooru ti lọ, ìta ti tutù, kó dìde kó lọ ṣeré.

Ẹ yan ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ gbé ẹní sí ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn agogo márùn-ún ààbọ̀, ẹ fi fóònù sínú ilé. Ìṣẹ́jú 10 péré ni.